Òwú Kan Náà, Píìnì Kan Náà: Kí Ló Dé Tí Aṣọ Kóróṣè Méjì Kò Fi Dọ́gba?

Mo lè wo àwòrán aṣọ kóróṣè kí n sì hun irú rẹ̀. Ṣé èmi náà ti di dísáínà nìyẹn?

Ọwọ́ yín dá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dísáínà kọjá híhun. Dísáínà ni ẹni tó lè kọ ohun tó hun sílẹ̀ débi pé ẹni tí kò rí i rí, ì báà wà ní Ìlọrin tàbí Lọ́ńdọ̀nù, á ka ìwé náà, á sì hun aṣọ kan náà. Ìwé yẹn ni pátánì, òun gan-an sì ni ọjà. Aṣọ tí ẹ hun, ẹnì kan ṣoṣo ló máa rà á. Pátánì rẹ̀, ọgọ́rùn-ún èèyàn lè rà á láìjẹ́ pé ẹ tún di píìnì, irin tí a fi ń hun kóróṣè, mú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé àti bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Ẹ máa kọ iye ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi píìnì hun, tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń hun ún lọ, àti ibi tí ẹ ti dín in kù.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi lo òwú, píìnì àti pátánì kan náà. Aṣọ tirẹ̀ bá a lára mu, tèmi fẹ̀ bí agbádá. Kí ló fà á?

Ọwọ́ ló fà á. Ọwọ́ ẹlòmíràn le, ti ẹlòmíràn dẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní dísáínà ń rí ojú 16 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Aṣọ obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 36, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 91, yóò gba ojú 146. Bí ọwọ́ yín bá dẹ̀, tó jẹ́ ojú 14 lẹ ń rí nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 146 yẹn kan náà yóò di sẹ̀ǹtímítà 104. Íǹṣì márùn-ún ti lé sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ṣi ìlà kankan hun!

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ, ẹ kọ́kọ́ hun pélébé kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 níbùú lóròó. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ó ṣe máa fọ aṣọ náà, kó gbẹ, kí ẹ wá na téèpù lé àárín rẹ̀, kí ẹ ka ojú inú sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ojú bá kéré jù, ẹ mú píìnì tó tín-ín-rín sí i; bó bá pọ̀ jù, ẹ mú èyí tó nípọn. Ẹ má fojú di fífọ̀ yẹn, torí òwú mìíràn máa ń sún kì, òmíràn sì ń nà. Dísáínà tí kò bá kọ iye yìí sínú pátánì rẹ̀ kò ṣe dáadáa sí oníbàárà.

Mo tẹ̀ lé pátánì kan ní ẹsẹẹsẹ, síbẹ̀ aṣọ náà gùn ju ti inú fọ́tò lọ.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará Britain ló kọ ọ́, tí ẹ sì kà á bíi ti Amẹ́ríkà. Ojú tí Britain ń pè ní double crochet ni Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, ó sì kúrú ju double crochet ti Amẹ́ríkà lọ. Nínú pátánì tiyín, ẹ sọ èyí tí ẹ lò ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Àrà tuntun kì í tán nínú mi, ṣùgbọ́n n kì í parí ọ̀kan.

Ẹ má pa àrà náà. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ hun pélébé rẹ̀, kí ẹ kó méjèèjì sínú ọ̀rá kan pẹ̀lú pépà ara òwú. Nọ́ńbà aró, tó ń fi àwọn òwú tí wọ́n pa láró pa pọ̀ hàn, wà lára pépà yẹn: òwú pupa méjì tí nọ́ńbà aró wọn yàtọ̀ lè má bára mu rárá, torí náà ẹ ra èyí tí yóò tó aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ gbé e dé òpin: ẹ fún àwọn èèyàn tí ìwọ̀n ara wọn yàtọ̀ síra ní pátánì náà kí wọ́n hun ún wò kí ó tó dọ́jà.

Ẹnì kan ra pátánì mi, ó ń pín in kiri lórí WhatsApp. Ṣé òfin gbè mí?

Ó gbè yín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti 2022, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, àwòrán àti fọ́tò yín, kódà bí ẹ kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ojú kóróṣè fúnra rẹ̀, tàbí èrò pé ká fi kóróṣè ṣe báàgì. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí gbogbo ojú ewé.