Ọwọ́ télọ̀ yàtọ̀ sí ìwé ìwọ̀n ọ̀gá

Kíkọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kò lẹ́jọ́ nínú. Òfin Iṣẹ́ ọdún 1971 ní kí òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún 5 sọ fún ọ̀gá ní oṣù kan ṣáájú, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró lè san owó oṣù náà dípò. Ó parí.

Ibi tó ta kókó ni ìlà kan tó máa ń fara pamọ́ sínú ìwé àdéhùn: bí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń ta irú ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń tà. Ní Odógunyàn n'Ìkòròdú, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti fara kan ilé-iṣẹ́, ìlà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àwọn kan á ní ìwé lásán ni. Àwọn mìíràn á ní, "Ṣebí o ti tọwọ́ bọ̀wé?" bí ẹni pé wọ́n ti so èèyàn mọ́lẹ̀. Èyí kejì ló ń bíni nínú jù, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni òfin ti bẹ̀rẹ̀: irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò dúró, àfi bí ọ̀gá bá fi hàn pé ohun tó jẹ́ tòun gan-an lòun ń ṣọ́, àti pé òun kò ṣọ́ ọ kọjá ààlà.

Kí ni ohun tó jẹ́ ti ọ̀gá? Ẹ wo ọmọṣẹ́ télọ̀ kan ní Sábó tó gba fíríìdọ̀mù, tó wá gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ọ̀gá lè bínú títí, kò lè gba ọwọ́ tó ti mọ bùbá gé padà. Ìwé ìwọ̀n ńkọ́, èyí tí àyà, ìbàdí àti nọ́ńbà fóònù gbogbo oníbàárà wà nínú rẹ̀? Ti ọ̀gá nìyẹn. Bí ọmọṣẹ́ bá gbé e lọ, olè ni. Bó bá fi òru mẹ́ta dà á kọ, olè náà ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ látorí pé ìyá ẹlẹ́ja kan kì í fẹ́ kí apá aṣọ fún òun. Ṣé ọwọ́ nìyẹn àbí ìwé? Ibẹ̀ ni àwọn lọ́yà ti ń jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọdún àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Òfin ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, ti ọdún 2018, fàyè gba ìlérí bẹ́ẹ̀, kó má ṣáà ti ju ọdún 2 lọ. Ní 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí ti Leventis Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀: fún ọdún 1, ẹni tó kúrò kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n máìlì 50 sí ibikíbi tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti ń tajà. Fún ọ̀gá àgbà tó mọ àṣírí ọjà, ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń da irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọ sínú ìwé ẹni tó ń di bisikíìtì sínú páálí, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní lówó lọ́yà tí yóò lọ bi adájọ́. Máìlì 50 láti Ìkòròdú sì ti gbé Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde àti Àgbádárìgì mì. Ìbàdàn ni onítọ̀hún yóò ti máa wá bisikíìtì dì.