Bí a ṣe ń jó ọ̀pá jíà tirakítọ̀ tó kán

Ọ̀pá jíà tirakítọ̀ kì í sábà kán lókè, níbi tí awakọ̀ ti ń dì í mú. Ibi tó ti tẹ̀, tàbí òkè bọ́ọ̀lù tó fi ń yí lórí gíabọ́ọ̀sì, ni ó ti ń kán, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí nígbà tí ọwọ́ bá ń tì í, tí jíà kò sì fẹ́ wọlé. Lórí ilẹ̀ Èkìtì tó kún fún òkúta àti kùkùté, jíà pípààrọ̀ kì í tán; awakọ̀ tí kì í sì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ ń rẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá wá dá nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì Ìgbẹmọ-Èkìtì ń du òjò, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni wọ́n máa ń gbé e lọ, nítorí páàtì tuntun lè pẹ́ kó tó dé.

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ọ̀pá náà kúrò, kí a sì fi aṣọ mímọ́ dí ojú ihò tó wà lórí gíabọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá jó o láìtú u ń fi iná ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́ìlì, iná mànàmáná ẹ̀rọ wẹ́dà sì lè gba inú àwọn bíárìn kọjá, kó ba ojú wọn jẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Bí a bá kàn fi ojú méjèèjì kan ara wọn, tí a sì jó etí rẹ̀ yíká, awọ irin nìkan ló lẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì kán síbẹ̀. Nítorí náà, a ó fi ẹ̀rọ ìlọrin gé etí méjèèjì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ìkejì, kí àlàfo tó rí bíi lẹ́tà V wà níhà méjèèjì, a ó sì ha ìpẹtà, ọ̀dà àti gíríìsì kúrò. Inú irin áńgù ni a ó tẹ́ ẹ sí kó lè tọ́, kí a tó fi iná lẹ̀ ẹ́ mú níbi mélòó kan.

Irin ọ̀pá yìí le ju irin géètì lọ, nítorí náà ẹlẹkitiróòdù (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wẹ́dà fi ń jó irin) E7018 tó gbẹ dáadáa sàn fún un ju E6013 tó wọ́pọ̀ lọ. Ó dára kí a kọ́kọ́ yá irin náà lórí iná èédú dé nǹkan bí ìwọ̀n 150 sí 200 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C). Ìpele ìpele ni a ó máa jó o, tí a ó máa yí ìhà padà kó má baà wọ́, a ó sì máa gbá ìdàrọ́ kúrò kí ìpele mìíràn tó gorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó rì í sínú eérú tàbí iyanrìn gbígbẹ kó tutù fúnra rẹ̀. Àwọn wẹ́dà kan máa ń rì í bọ omi nítorí pé oníbàárà ń kánjú. Irú irin yìí tó bá tutù lójijì yóò le gbagidi, yóò sì máa kán bí ọ̀pá gíláàsì.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù gan-an ló ya, kò yẹ kí a jó o: bí kò bá rí róbótó mọ́, yóò máa jẹ ìjókòó rẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni kí a wá.

Nígbà tí a bá dá a padà, a ó wọ gbogbo jíà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó tan ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ṣì ń le nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí tirakítọ̀ náà tó padà sóko.