Ojú lésà PS2: kí ló ń ṣe é tí kò fi ka dísìkì mọ́?

Bí PS2, ìyẹn PlayStation 2, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Sony, bá ti kọ "Disc Read Error" sójú tẹlifíṣọ̀n, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé lésà ti kú. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, àfàìmọ̀ kí onítọ̀hún má kọ́kọ́ fi sikirudiráfà yí ìdè tíńtín kan lára lésà náà kó tó béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀rọ á ka dísìkì fún ìgbà díẹ̀, inú ẹni tó ni ín á dùn, lẹ́yìn náà á tún dákẹ́. Ìdákẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló máa ń le. Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí ojú lésà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ lésà tí wọ́n ń pè lókùú ló jẹ́ pé eruku ló bò ó, tàbí pé ọ̀nà tó ń gbà rìn ti gbẹ, ìdè tí wọ́n yí yẹn ló sì pa á ní tòótọ́.

Oṣù Kẹta ọdún 2000 ni Sony gbé PS2 jáde ní Jàpáàn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2013 tí wọ́n kéde pé àwọn ò ṣe é mọ́, èyí tí wọ́n ti tà lé ní mílíọ̀nù 150. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọdé mọ́ nínú wọn. Àwọn tó wà lọ́wọ́ wa ní Nàìjíríà sì ti ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ orí wọn lọ, torí tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù rí, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sanwó bọ́ọ̀lù ní eré kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí di alẹ́. Iná lésà ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń tàn, ooru sì máa ń jẹ́ kó tètè rẹ̀.

Ojú lésà ni ẹ̀yà tó ń wo abẹ́ dísìkì. Bí ẹ bá ṣí ìdérí PS2 slim (èyí tó fẹ́lẹ́), òun ni nǹkan róbótó kékeré tó ń dán bíi dígí, tó jókòó sórí pátákó kan tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Nǹkan róbótó yẹn gan-an ni léńsì. Abẹ́ rẹ̀ ni iná lésà ti ń jáde, á gba inú léńsì kọjá lọ bá dísìkì, dísìkì á dá a padà, ẹ̀yà kan nísàlẹ̀ á sì ka bí ìmọ́lẹ̀ tó padà wá ṣe pọ̀ tó. Àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ló wà nínú dísìkì, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti àárín lọ sí etí. Ibi tí kòtò bá wà kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ibi tó tẹ́jú, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ẹ̀rọ ń kà bí ìwé.

Ọ̀nà tí àwọn kòtò yẹn tò sí kéré kọjá ohun tí ojú lè rí. Nínú DVD, máíkírómítà 0.74 péré ló wà láàárín ọ̀nà kan àti èkejì, débi pé fọ́nrán irun orí kan lè bo nǹkan bí 90 ọ̀nà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dísìkì kì í tẹ́ dáadáa, ó máa ń fì sókè sódò bó bá ń yí. Léńsì gbọ́dọ̀ máa bá a fì, kó má jìnnà sí i, kó má sì súnmọ́ ọn jù. Ohun tó ń gbé e ni wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká, pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí léńsì ṣe ń gbọ̀n ní kété tí wọ́n bá pa ìdérí dé ti rí iṣẹ́ yìí, torí dísìkì ló ń wá nígbà yẹn. Bí kò bá rí i, ẹ̀rọ kò ní fi àkókò rẹ̀ ṣòfò láti máa yí i.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í sábà sọ fún oníbàárà, tó sì jẹ́ pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Iná méjì ló wà nínú ojú lésà PS2. Iná pupa, tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 650, ló ń ka DVD. Èkejì, nánómítà 780, tí ojú èèyàn kò lè rí, ló ń ka CD. Kò pọn dandan kí àwọn méjèèjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo abẹ́ àwọn géèmù PS2 yín. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá ń dán bíi fàdákà, DVD ni. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ búlúù, CD ni, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ géèmù àwọn ọdún àkọ́kọ́. Géèmù PS1 (ẹ̀rọ Sony tó ṣáájú PS2) tí abẹ́ rẹ̀ dúdú, CD lòun náà, bẹ́ẹ̀ ni CD orin.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibikíbi, ẹ fi oríṣi méjèèjì dán an wò. Bó bá ń ka CD orin àti géèmù PS1 ṣùgbọ́n tí kò ka DVD, iná pupa ló ń rẹ̀. Bó bá jẹ́ CD ló ń kọ̀, iná kejì ni. Bí kò bá ka èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má tíì fura sí iná rárá, torí ó ṣòro kí méjèèjì kú lọ́jọ́ kan náà. Léńsì tó dọ̀tí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti yọ lẹ́nu ibi tó wọ̀, tàbí mọ́tò tí kò yí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí géèmù bá sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá ń dúró níbì kan náà nígbà gbogbo, dísìkì ló ní ọgbẹ́ níbẹ̀, tàbí pátákó tó gbé lésà ni kò lè rìn débẹ̀. Ẹ fi dísìkì mìíràn wò ó, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá sì gbé ojú pupa wá, tó ní kí ẹ fi dísìkì PlayStation sí i, ìyẹn lè má ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àìsàn lésà. Ohun tí ẹ̀rọ tí kò ní chip (ẹ̀yà tí wọ́n ń fi kún un kó lè ka àdàkọ) máa ń sọ nìyẹn bó bá rí dísìkì àdàkọ. Àdàkọ tún ní ìyọnu tirẹ̀. Kòtò tòótọ́ kò sí nínú rẹ̀, àwọ̀ tí lésà jó ló wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń dá padà kì í sábà mọ́ tó ti ojúlówó. Lésà tó ti ń darúgbó lè ka ojúlówó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti kọ àdàkọ. Ẹ má fi àdàkọ ṣe ìdánwò.

Ní ti ọgbẹ́ ara dísìkì, èyí tó gba àárín lọ sí etí kò léwu púpọ̀. Wọ́n ti fi ìṣirò kún ohun tó wà nínú dísìkì, tó fi jẹ́ pé bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá sọnù, ẹ̀rọ á fi ìyókù mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó yí po, tó tẹ̀lé ọ̀nà kòtò, ń pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣirò yẹn kò sì lè ká a. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àti àárín lọ sí etí la ti ń nu dísìkì, a kì í nù ún yípo. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn èèyàn ń fi pa á lè dán ọgbẹ́ tí kò jìn, bó bá jẹ́ ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà pa á. Ní ti CD, ẹ ṣọ́ ojú òkè tí wọ́n kọ orúkọ sí ju ti abẹ́ lọ. Lábẹ́ orúkọ yẹn gan-an ni ohun tí ẹ̀rọ ń kà wà, bí ó bá sì bó, kò sí àtúnṣe. Ti DVD wà láàárín ike méjì, ó fara pamọ́ díẹ̀.

Ìmọ́tótó wá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, kò sí ẹ̀rọ tí eruku kò ní wọ̀, léńsì slim sì wà ní gbangba ní gbogbo ìgbà tí ìdérí bá ṣí. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ẹ fi òwú tí a fi ń nu etí kan isopropyl alcohol díẹ̀, kó má kán tótó, ẹ fi nu léńsì yípo láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi òwú gbígbẹ nù ún lẹ́yìn náà. Orí wáyà tín-ín-rín ni léńsì náà rọ̀ sí, ó sì lè wọ́ bí ọwọ́ bá wúwo. Omi tí wọ́n fi ń nu pọ́líìṣì èékánná kò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí rẹ̀, ó máa ń jẹ ike. Ẹ má sì tẹjú mọ́ lésà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Iná tí ẹ kò rí yẹn lè ba ojú jẹ́.

Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ó kan irin méjì tí pátákó lésà ń gbà rìn. Gírísì ibẹ̀ máa ń gbẹ lẹ́yìn ogún ọdún, tàbí kó dà pọ̀ mọ́ eruku kó sì le bí àtè. Ariwo tí ẹ máa gbọ́ ni *kẹ́kẹ́kẹ́*, bí ẹni pé nǹkan ń lu ògiri. Ẹ nu èyí tó wà níbẹ̀ kúrò pátá, kí ẹ tó fi gírísì funfun tó bá ike mu díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kò dára fún un, ó ṣàn jù, bí ooru bá sì mú un, á dé ọ̀dọ̀ léńsì. Nínú slim, ẹ tún wo wáyà pẹlẹbẹ tó so lésà mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó máa ń tẹ̀ sókè, á sì máa ha abẹ́ dísìkì. Bí àwọn géèmù yín bá ń ní ọgbẹ́ róbótó tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ẹ wo ibẹ̀.

Ó kù sí ìdè tí mo sọ lókè. Méjì ni wọ́n, ọ̀kan fún CD, ọ̀kan fún DVD. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni láti pinnu bí iná tó ń wọ lésà ṣe máa pọ̀ tó. Bí wọ́n bá yí i, lésà á tàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á rí dísìkì tí kò rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á máa jó ara rẹ̀ run. Lésà tí eruku bò, tí wọ́n wá fún ní iná púpọ̀, ti gba ìyà tí kò tọ́ sí i. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí a ó fi nu léńsì, tí a ó fi fi gírísì sọ́nà, tí CD àti DVD á sì ti sọ èyí tó ń ṣàárẹ̀ fún wa. Bó bá wá di dandan, ẹ sàmì sí ibi tó wà, ẹ yí ti ẹyọ kan tó ń ṣàárẹ̀ nìkan, ní ìwọ̀n tí ojú ò tilẹ̀ lè rí dáadáa, kí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Lésà mìíràn ṣì wà ní ọjà, yálà ní Alaba tàbí ní Computer Village. Ẹ ka nọ́ńbà ara èyí tí ẹ yọ, bíi KHS-400C tàbí PVR-802W, kí èyí tí ẹ rà bá a mu. Ọ̀pọ̀ tuntun máa ń ní ẹ̀kán léèdì (òjé tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà) kan tó so ojú méjì pọ̀, kí iná mànàmáná ara èèyàn má bàa pa á kó tó dé ilé. Ẹ kọ́kọ́ ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ tó yọ́ léèdì náà kúrò. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, lésà náà kò ní tàn, ẹ ó sì rò pé òkú ni wọ́n tà fún yín.

Àwọn kan ti fi lésà sílẹ̀ pátápátá. PS2 fat (èyí tó tóbi), àwọn tó ní àyè lẹ́yìn, lè gba adapter nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti hard disk, kó sì máa ka géèmù láti orí rẹ̀ nípasẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Open PS2 Loader. Slim lè gba tirẹ̀ láti orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí láti orí USB, ṣùgbọ́n USB 1.1 ni ti PS2, ó lọ́ra, fídíò inú géèmù á sì máa já. Ẹ kò nílò lésà PS2 láti fi kó géèmù tí ẹ rà síbẹ̀. Ẹ̀rọ DVD inú kọ̀ǹpútà lásán lè ka dísìkì PS2, ó sì lè dà á kọ sínú fáìlì kan. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí dísìkì ṣì mọ́, yálà lésà yín ń ṣàárẹ̀ tàbí kò ṣàárẹ̀.