Bí Ìlú Juneau Ṣe Dín Lílo Iná Kù Nígbà Tí Yìnyín Já Wáyà

Kò sí títì tó so Juneau, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà, pọ̀ mọ́ àwọn ìlú yòókù; ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iná wọn rí. Wáyà iná ìlú náà dá dúró láìso mọ́ ti ibòmíràn, ìwọ̀n iná tí wọ́n bá pèsè fúnra wọn ni wọ́n sì ń rí lò. Agbára omi ni wọ́n gbójú lé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń wá láti Snettisham, lápá gúúsù ìlú náà, lórí wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òkè oníyìnyín kọjá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2008, òkìtì yìnyín ya wálẹ̀ láti orí òkè, ó wó òpó, ó sì já wáyà náà. Ìlú kò ṣókùnkùn, nítorí pé ilé-iṣẹ́ iná ní àwọn jẹnẹrétọ̀ ńláńlá tó ń mu epo dísù nípamọ́. Owó epo yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀: yúníìtì kan tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 11 tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún.

Owó tó wọ́n ni ohun àkọ́kọ́ tó ń mú kí ènìyàn ṣọ́ iná lò, ṣùgbọ́n kì í tètè dé etí, nítorí ìparí oṣù ni bíìlì ń wọlé, lẹ́yìn tí iná ti jó tán. Ní Juneau, ìròyìn ló ṣáájú bíìlì. Kí ìwé owó tuntun tó dé ọwọ́ àwọn ará ìlú, iná tí wọ́n ń lò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti gbọ́ iye tí yóò jẹ́. Èyí kò lè ya ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tan iná nílé lẹ́nu: ìgbà tí a bá mọ iye tí epo ń jẹ́ ni ọwọ́ máa ń yá sí súìṣì.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù owó kì í sọ ohun tó yẹ kí a pa fún wa. Gílóòbù tí ojú ń rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré pa, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná wà ní kọ̀rọ̀, tó ń gbé iná mì tọ̀sán-tòru, tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ náà sì ń fi wákàtí kan jẹ ohun tí gílóòbù kan kò ní jẹ ní ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ ìpolongo tí wọ́n pè ní Juneau Unplugged nìyẹn: kí onílé mọ ohun tó ń jẹ iná gan-an. Okùn ìsáṣọ àti pẹ́ẹ̀gì wá di ọjà tí gbogbo ènìyàn ń wá, gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ náà sì tà wàràwàrà.

Ìdí rẹ̀ hàn nínú ìṣirò. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tí a bá tàn án fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì 9 lóṣù. Ní sẹ́ǹtì 11, owó rẹ̀ kò pé dọ́là kan; ní sẹ́ǹtì 50, ó di dọ́là mẹ́rin ààbọ̀. Tí a bá fi oníwáàtì 15 tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, yúníìtì 2.25 péré ni yóò jẹ, owó rẹ̀ kò sì ní ju dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 13 lọ. Ìyẹn ni pé gílóòbù tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ dá owó iná padà sí ibi tó wà kí yìnyín tó ya.

Ti àwọn oníṣòwò ńlá yàtọ̀, nítorí pé àdéhùn ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn kan nínú wọn. Iná tó bá ṣẹ́kù lára agbára omi ni wọ́n ń tà fún ibi ìwakùsà Greens Creek àti fún àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi ti ilé-iṣẹ́ Princess, tó ti ń so mọ́ iná orí ilẹ̀ ní Juneau láti ọdún 2001. Wọ́n ń rà á pẹ̀lú àdéhùn pé tí iná kò bá tó, tiwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ já, wọn yóò sì padà sí ẹ̀rọ tiwọn. Ọgbọ́n ìlú tó mọ̀ pé omi lè gbẹ, tí wáyà sì lè já, nìyí. Àwọn ilé ìtajà àti ọ́fíìsì kéékèèké kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Pípa ni wọ́n ń pa iná tí wọn kò nílò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà le fún jù ni ayálégbé, tó ń san owó iná ẹ̀rọ omi gbígbóná àtijọ́ tí kò ní àṣẹ láti pààrọ̀.

Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 45 tí owó iná fi wọ́n, iná tí ìlú náà lò fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àkókò kan náà lọ́dún 2007. Lẹ́yìn tí wọ́n tún wáyà ṣe tí owó sì wálẹ̀, ìdínkù nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì dúró. Ohun tó nílò ìrántí lójoojúmọ́, bíi sísá aṣọ sórí okùn, rọrùn láti pa tì tí owó bá ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún gun àga lọ yọ gílóòbù tuntun kúrò kó lè fi ti àtijọ́ síbẹ̀? Ní oṣù kìíní ọdún 2009, yìnyín tún ya lu wáyà Snettisham náà.