Ibi Tí AlphaFold Ti Ṣẹ̀ Wá: Àkójọ Ọdún 1971 àti Ìdánwò Ọdún 1994

Bí a bá dárúkọ AlphaFold lónìí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìrísí purotéènì, ilé-iṣẹ́ DeepMind ní London ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí, pàápàá láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí Demis Hassabis àti John Jumper ti gba ìdajì Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì, tí David Baker ti Yunifásítì Washington ní Seattle sì gba ìdajì kejì. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà náà kò ní rí nǹkan kan kọ́ bí kì í bá ṣe ti nǹkan méjì tí àwọn ẹlòmíràn ti fi òógùn wọn dá sílẹ̀ ṣáájú: àkójọ àwòrán purotéènì tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́, àti ìdánwò kan tí kò sẹ́ni tó lè yọjú wo ìdáhùn rẹ̀.

Oríṣi amino acid ogún ni ara fi ń ṣe purotéènì. Ó ń so wọ́n tẹ̀léra wọn bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ okùn náà kì í dúró gbọọrọ. Yóò ká, yóò lọ́, títí yóò fi ní ìrísí pàtó kan, ìrísí yẹn ló sì ń pinnu iṣẹ́ tí purotéènì lè ṣe. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ẹ̀jẹ̀ SS. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hemoglobin, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ti ẹni tó ní àrùn náà yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Láàárín 1956 sí 1957, Vernon Ingram ní Cambridge rí i pé amino acid kan ṣoṣo ló fa ìyàtọ̀ náà: lórí okùn beta, ọ̀kan nínú oríṣi okùn méjì tó para pọ̀ di hemoglobin, tó ní amino acid 146, valine ló wà ní ipò kẹfà níbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Ìyípadà kékeré yẹn ló ń mú kí hemoglobin máa lẹ̀ mọ́ra wọn nígbà tí wọ́n bá ti tú ọ́síjìn sílẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yóò sì tẹ̀ kọrọdọ.

Ní Cambridge yìí kan náà ni John Kendrew ti gbé àwòrán purotéènì àkọ́kọ́ jáde ní 1958. Myoglobin ni, tí wọ́n yọ láti inú ẹran àbùùbùtán. Max Perutz, tó ti ń bá hemoglobin fà á láti 1937, rí ti tirẹ̀ ní 1959. Ọdún méjìlélógún fún purotéènì kan! Ní 1962 ni àwọn méjèèjì gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. X-ray ni wọ́n fi ń ya àwòrán náà. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán purotéènì lọ́nà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ kúrò lára gbogbo nǹkan yòókù inú sẹ́ẹ̀lì, títí yóò fi ní bí mílígíráàmù mẹ́wàá nínú mílílítà omi kan. Yóò po ẹ̀kán rẹ̀ kan mọ́ ẹ̀kán omi oníyọ̀, yóò fi wọ́n kọ́ sókè inú àwo tí a dé pa, omi iyọ̀ tó ki ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò sì wà nísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni omi yóò máa fi ẹ̀kán náà sílẹ̀, títí purotéènì yóò fi tò jọ di kírísítà. Bí omi bá tètè lọ jù, gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ lásán ni yóò kù nílẹ̀. Nígbà mìíràn kírísítà tó dára yóò hàn, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé e síwájú X-ray kí wọ́n tó mọ̀ pé iyọ̀ ni. Àwọn purotéènì tó ń gbé inú awọ sẹ́ẹ̀lì tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí wọn kì í yòrò nínú omi àyàfi tí a bá fi nǹkan bí ọṣẹ sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ yọrí sí rere, ìmọ́lẹ̀ àwọn àmì tí X-ray fi sílẹ̀ nìkan la lè wọ̀n. Ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan dé nínú lílọ sókè-sódò rẹ̀ ti sọnù, láìsí ìyẹn a kò lè tún àwòrán náà tò. Perutz ló rí ọ̀nà àbáyọ ní 1953, nígbà tó so átọ́ọ̀mù wúwo bíi mẹ́kúrì mọ́ hemoglobin, tó sì fi kírísítà tó ní i wé èyí tí kò ní i.

Ṣé ó wá pọn dandan kí a máa jìyà báyìí lórí purotéènì kọ̀ọ̀kan? Christian Anfinsen ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó má pọn dandan. Ó mú ribonuclease, tó ní amino acid 124 àti ìdè súfúrù mẹ́rin, ó da kẹ́míkà urea púpọ̀ sínú omi rẹ̀, ó sì fi kẹ́míkà mercaptoethanol já àwọn ìdè náà. Okùn náà tú, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tó yọ kẹ́míkà méjèèjì kúrò, tí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, purotéènì náà ká ara rẹ̀ padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà 105 ni súfúrù mẹ́jọ lè gbà mú ara wọn ní méjì-méjì, ọ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà, òun náà ló sì padà sí. Nígbà tó jẹ́ kí àwọn ìdè kọ́kọ́ so nígbà tí urea ṣì wà níbẹ̀, wọ́n so gbágungbàgun, iṣẹ́ tó kù nínú purotéènì náà kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlà amino acid fúnra rẹ̀ ló gbé ìrísí dání. Anfinsen gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1972.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣirò ti ń wá bí wọn yóò ṣe ka ìrísí láti ara ìlà. Cyrus Levinthal ti kìlọ̀ ní 1969 pé wíwá a lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú amino acid 100 bá lè dúró lọ́nà mẹ́ta péré, àpapọ̀ ìrísí tó lè ní jẹ́ nọ́ńbà tí ó gba dígíìtì 48 kí a tó kọ ọ́ tán.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1971, ni Protein Data Bank, àkójọ àwòrán purotéènì tí mo mẹ́nu kàn lókè, bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwádìí Brookhaven ní New York, lábẹ́ Walter Hamilton. Àwòrán méje péré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ lẹ́tà, wọn yóò sì fi téèpù kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó pèrò rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, Helen Berman wà lára wọn, òun náà ló sì darí àkójọ náà nígbà tó kúrò ní Brookhaven ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń tẹ ìwé jáde nípa purotéènì wọn tí wọn kò sì fẹ́ fi ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, wọ́n ń pa á mọ́ láti tún fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó gba ìwé ẹ̀bẹ̀ àti àríyànjiyàn kí àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ kírísítà tó gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1989, kí àwọn ìwé àtẹ̀jáde sáyẹ́ǹsì sì tó máa sọ pé àwọn kò ní tẹ iṣẹ́ ẹni tí kò bá fi dátà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Lójú tèmi, ìlànà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn AlphaFold, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ọ.

Nǹkan kejì ni ìdánwò. Ní àwọn ọdún 1980, kò ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan sọ pé òun ti lè sọ ìrísí purotéènì tẹ́lẹ̀, kó sì jẹ́ pé purotéènì tí ìrísí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ló fi dán ètò rẹ̀ wò. Ní 1994, John Moult ti Yunifásítì Maryland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìdánwò tí wọ́n ń pè ní CASP sílẹ̀. Wọ́n bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìrísí purotéènì kan pé kí wọ́n má tíì gbé e jáde, wọ́n fún àwọn olùdíje ní ìlà amino acid nìkan, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdáhùn wé òótọ́. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é. Máàkì rẹ̀, GDT, jẹ́ láti 0 dé 100: a ó wo iye amino acid nínú ọgọ́rùn-ún tó bọ́ sí ìwọ̀n angstrom 1, 2, 4 àti 8 sí ibi tó yẹ kó wà (angstrom kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà), a ó sì wá ìpíndọ́gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá dé 90, ó ti ń bá ti yàrá ìwádìí dọ́gba nìyẹn. Lórí àwọn purotéènì tí kò jọ èyí tó wà nílẹ̀ rárá, ẹni tó ṣe dáadáa jù kì í sábà kọjá bí 40 fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó la ọ̀nà fún wọn wá láti inú bàọ́lọ́jì. Bí amino acid méjì bá fara kanra nínú purotéènì, tí ọ̀kan yí padà bí ìran ṣe ń rọ́pò ìran, èkejì náà sábà máa yí padà kí ìrísí má bàa bàjẹ́. Nítorí náà, bí a bá to purotéènì kan náà láti ara ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dá sí abẹ́ ara wọn, àwọn ipò tó ń yí padà pọ̀ yóò fi ẹni tó sún mọ́ ara wọn hàn. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé bí A bá kan B, tí B sì kan C, yóò dà bí ẹni pé A kan C. Ní àárín 2009 sí 2011 ni wọ́n rí ìṣirò tó ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀; Debora Marks àti Chris Sander wà lára àwọn tó fi ya àwòrán odindi purotéènì.

DeepMind gbé AlphaFold wọlé sí CASP ní 2018, ó sì gbégbá orókè, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ lórí èyí tó le jù kò tíì pé 60. Wọ́n tú ètò náà palẹ̀, Jumper sì darí àtúnkọ́ rẹ̀. Ètò tuntun náà ń wo tábìlì méjì pọ̀, ti àwọn ìbátan purotéènì náà láti ara ẹ̀dá mìíràn àti ti amino acid ní méjì-méjì, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀kan sí èkejì ní ìpele 48. Ó mọ̀ pé bí A kò bá jìnnà sí B, tí B kò sì jìnnà sí C, A kò lè jìnnà sí C kọjá ààlà. Àwòrán bí 170,000 láti inú Protein Data Bank ló fi kọ́ṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2020, máàkì àárín rẹ̀ jẹ́ 92.4. Andrei Lupas ní Tübingen, tó wà lára àwọn olùyẹ̀wò, ní dátà X-ray purotéènì kan tó ti dá a lágara fún ọdún mẹ́wàá; ó fi àwòrán AlphaFold sí i, ó sì yanjú láàárín ìdajì wákàtí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2021, kóòdù rẹ̀ jáde, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni RoseTTAFold, ètò irú rẹ̀ tí Baker ṣe, jáde pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwòrán tí AlphaFold yà, tó ju 350,000 lọ, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi di oṣù keje 2022, wọ́n ti ju mílíọ̀nù 200 lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ wá nọ́ńbà purotéènì rẹ̀ nínú UniProt, àkójọ ìlà amino acid àwọn purotéènì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. P68871 ni ti beta hemoglobin. Ṣọ́ra o: UniProt ka methionine, amino acid tó ṣáájú okùn náà, mọ́ ọn, nítorí náà ipò kẹfà ti ẹ̀jẹ̀ SS yóò di ipò keje níbẹ̀, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí purotéènì kò bá sí nínú àkójọ, ColabFold, tó ń jẹ́ kí a lo AlphaFold lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí pé a ń kó dátà tó ju terabyte méjì lọ sórí kọ̀ǹpútà tiwa. Okùn tó bá gùn jù yóò kún ìrántí ẹ̀rọ, ẹ gé e sí abala. Lẹ́yìn náà, ẹ wo pLDDT, máàkì láti 0 dé 100 tí AlphaFold fi ń sọ bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe dá a lójú tó. Ó ju 90, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó kéré sí 50, ẹ má ka ìrísí ibẹ̀ sí, nítorí ó ṣeé ṣe kí apá yẹn máà ní ìrísí kan pàtó rárá. Bí ìlà àwọn ìbátan purotéènì náà tó rí kò bá tó bí 30, ẹ má retí iṣẹ́ gidi. Kí ẹ má sì fi í wádìí ìyípadà amino acid kan ṣoṣo, wọn kò ṣe é fún ìyẹn. Ẹni tó bá fi valine sí ìlà beta yóò rí àwòrán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ AA, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó ń pa ènìyàn lára wà nínú bí hemoglobin ṣe ń lẹ̀ mọ́ hemoglobin.

AlphaFold 3 jáde ní oṣù karùn-ún 2024, ó sì ń ya àwòrán purotéènì pẹ̀lú DNA, RNA àti oògùn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Kóòdù rẹ̀ kò bá a jáde. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, nítorí pé ẹni tí kò rí kóòdù kò lè yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni DeepMind gbé e sílẹ̀, fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti òwò nìkan, ẹni tó bá sì fẹ́ àwọn nọ́ńbà tí ètò náà kọ́ gbọ́dọ̀ tọrọ wọn. Ní oṣù yẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé Boltz-1 jáde, ètò irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó fi mọ́ ilé-iṣẹ́ oògùn, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan.