Bí Lílọ Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ṣe Ń Da Ètò Wíwá Agbábọ́ọ̀lù Rú ní Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn lé lórí, kì í ṣe eré ìdárayá lásán fún àwọn yunifásítì. Owó ńlá ni wọ́n ń pa nídìí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì máa ń kún pápá ìṣeré wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Síbẹ̀, yunifásítì kò lè ra ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ Yúróòpù ṣe ń ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá a lọ sílé, kí wọ́n bá òun àti àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́ títí yóò fi gbà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fi ipò sílẹ̀ tàbí tí wọ́n bá lé e, ọ̀ràn àwọn ọmọ tí kò tíì dé ọgbà yunifásítì rárá ló kọ́kọ́ máa ń mì.

Ohun tí ojú àwọn ará ìta kì í sábà rí ni pé olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn olùrànlọ́wọ́ wà: ẹni tó ń kọ́ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń kọ́ àwọn tó ń sáré gbà á, ẹni tó ń kọ́ àwọn alágbára tó ń dènà níwájú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ bá wọ ọdún kẹta nínú ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń lò nílé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀, ni òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti gbà kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Láti ìgbà náà, olùrànlọ́wọ́ kan ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ jù. Òun ló mọ orúkọ ìyá ọmọ náà, òun ló mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó jìnnà sílé, òun náà ló sì ń wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí olórí bá kúrò, ẹni tuntun tó bá dé sábà máa ń kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ wá, àwọn olùrànlọ́wọ́ ìṣáájú a sì fọ́n ká. Nítorí náà, kì í ṣe ènìyàn kan ni ọmọ náà pàdánù. Gbogbo ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ríṣẹ́ sí yunifásítì mìíràn, nọ́ńbà fóònù ọmọ náà ń bá a lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe kan ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ibi tó bá a lójú ọ̀nà. Ẹni tó fi ẹnu lásán sọ pé yunifásítì kan ni òun ń lọ kò ní ohunkóhun tó dè é. Ó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an, yunifásítì náà sì lè fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ti ẹni tó ti fọwọ́ síwèé le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1964 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìwé tí wọ́n ń pè ní National Letter of Intent ni àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí, ìwé náà sì sọ ọ́ kedere pé yunifásítì ni ọmọ bá ṣe àdéhùn, kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i, tó sì kọ̀ láti lọ láìgba ìtúsílẹ̀, lè pàdánù sáà ìdíje kan. Ìrẹ́jẹ wà nínú ètò yẹn: akọ́nimọ̀ọ́gbá tó jókòó ní pálọ̀ àwọn òbí, tó ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú ọmọ wọn fún ọdún mẹ́rin, lè gba iṣẹ́ mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ ni ìwé sì ń dè. Ìwé ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ ló rọ́pò rẹ̀ báyìí, kò sì sí àyè fún yunifásítì mìíràn láti máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ ìfọwọ́síwèé ló wá ń pinnu bí ìdàrúdàpọ̀ náà yóò ṣe tó. Títí di ọdún 2017, ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè ni Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì. Nígbà náà, wọ́n ti máa ń lé ẹni tí wọ́n fẹ́ lé, ẹni tuntun sì máa ń rí bí oṣù méjì lò láti kan ilẹ̀kùn àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n ṣí àkókò ìfọwọ́síwèé àkọ́kọ́ kí Kérésìmesì tó dé, kò sì pẹ́ tó fi di pé àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí gbogbo yunifásítì ń dù ti ń fọwọ́ síwèé nígbà náà. Ní ọdún 2024, wọ́n tún fà á wá síwájú sí Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ń parí sáà déédéé. Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú lè rí i pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù fún òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá Lane Kiffin gan-an nìyẹn, nígbà tó kúrò ní Ole Miss (yunifásítì Mississippi) lọ sí LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, tí ìfọwọ́síwèé sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá.

Èyí ló mú kí àwọn alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí í lé akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí sáà ṣì ń lọ. Ní ọdún 2025, yunifásítì UCLA àti Virginia Tech lé tiwọn lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ìdíje ò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Penn State tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, Florida ní ọjọ́ 19, LSU ní ọjọ́ 26. Lójú àwọn alákòóso, lílé ènìyàn ní kíákíá ń fún wọn láyè láti rí arọ́pò kí ọjọ́ ìfọwọ́síwèé tó pé. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ní ihò ńlá nínú, nítorí pé ẹni tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ ṣì ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní í fẹ́ kúrò níbẹ̀ títí tí sáà rẹ̀ yóò fi parí. Gbogbo àkókò tó wà láàárín ìlélọ àti ìgbàsíṣẹ́ di àkókò tí àwọn ọmọ kò rí ẹni tó lè fọkàn wọn balẹ̀. Adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọ̀rọ̀ Penn State fi èyí hàn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá tí James Franklin ti ń darí ẹgbẹ́ náà nígbà tí wọ́n lé e. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, Virginia Tech, tó ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá tirẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, gbà á síṣẹ́. Franklin ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́wọ́, ó sì mọ gbogbo ọmọ tó ti ṣèlérí fún Penn State, nítorí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n wá wọn rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ lé e. Penn State fúnra rẹ̀ kò tíì rí arọ́pò. Adelé ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá pé, ọmọ méjì péré ló fọwọ́ síwèé fún yunifásítì tó máa ń gba ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n kéde Matt Campbell láti Iowa State. Ohun tó tún yẹ kí a kíyè sí ni pé kò sí òfin kankan tí Franklin rú. Ìlérí ẹnu ni àwọn ọmọ náà ṣe, wọ́n sì lómìnira láti bá ẹni tí wọ́n mọ̀ lọ.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà máa ń ràn láti yunifásítì kan dé òmíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2024, Nick Saban ní Alabama kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Alabama mú Kalen DeBoer láti Washington. Washington mú Jedd Fisch láti Arizona, Arizona mú Brent Brennan láti San José State, San José State náà sì lọ wá Ken Niumatalolo. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìfẹ̀yìntì ẹnì kan ti mi ilé mẹ́rin. Ìwé ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà náà, nítorí pé ìfọwọ́síwèé àkọ́kọ́ ti kọjá ní oṣù Kejìlá. Julian Sayin, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù, ti wọ Alabama tán nígbà tí Saban lọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ohio State, nítorí òfin gbà kí ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bá lọ ṣípò padà. Caleb Downs, tó ti gbá sáà kan fún Saban, náà lọ síbẹ̀. Ryan Williams, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Alabama tó ti ṣèlérí ṣùgbọ́n tí kò tíì fọwọ́ síwèé, fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn lọ́jọ́ tí Saban kéde, ó fara balẹ̀ wo ẹni tuntun, ó sì padà sí Alabama kí oṣù náà tó parí. Tirẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo rẹ̀, ìwé tí kò tíì fọwọ́ sí ló sì fún un láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbà ń gbá bọ́ọ̀lù ni ìyọnu. Georgia Tech lábẹ́ Paul Johnson ń gbá eré kan tí ẹni tó ń darí ìkọlù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù. Sísáré ló ń sáré, ó sì ń fún àwọn mìíràn ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó bá eré náà mu ni wọ́n kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Johnson fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún 2018, Geoff Collins fẹ́ ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ti àwọn yòókù. Àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀ọ́gbá, eré mìíràn ni wọ́n kọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà jáwé olúborí nínú rẹ̀ ní ọdún 2019, 2020 àti 2021. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun fúnra rẹ̀ sọ fún ọmọ tó ti ṣèlérí pé àyè ò sí mọ́.

Ọ̀nà àbájáde fún àwọn tó ti wọlé tán ni transfer portal, ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí NCAA ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Agbábọ́ọ̀lù tó bá fi orúkọ síbẹ̀ ti di ẹni tí yunifásítì mìíràn lè bá sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2021, ẹni tó bá ń ṣípò padà nígbà àkọ́kọ́ kò ní láti jókòó fún ọdún kan mọ́. Nínú àwọn tí àyípadà akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe lóore ni Olusegun Oluwatimi wà, ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tó ń dènà ní àárín gbùngbùn iwájú fún yunifásítì Virginia. Bronco Mendenhall kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 pé òun ń lọ; Oluwatimi lọ sí Michigan láti lo ọdún rẹ̀ tó kù, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Rimington àti Outland ní ọdún 2022, ìyẹn ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn tó mọ iṣẹ́ iwájú jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Òfin tún ṣí ilẹ̀kùn àkànṣe fún ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bá lọ. Fún ọdún mélòó kan, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ti kúrò. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń sá lọ kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n yí i padà sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ẹni tuntun, kí òun náà lè rí àwọn ọmọ bá sọ̀rọ̀. Àtúnṣe rere ni.

Àwọn yunifásítì tó fẹ́ yẹra fún gbogbo wàhálà yìí a máa gbé ẹni tó wà nílé sókè. Nígbà tí Brian Kelly fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí LSU ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé Marcus Freeman, tó ń darí ìdáàbòbò ẹgbẹ́ náà, sípò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ti ṣèlérí ló dúró, nítorí pé àwọn tó bá wọn sọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ole Miss náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí Kiffin lọ, wọ́n fi Pete Golding sípò.

Àwọn tí kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé a wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè kó agbábọ́ọ̀lù dání wá. Curt Cignetti kó mẹ́tàlá nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní James Madison dé Indiana fún sáà 2024, Indiana sì jáwé olúborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá lọ́dún náà. Ẹni tó bá lè rí àgbà agbábọ́ọ̀lù kó báyìí kò ní fi bẹ́ẹ̀ kánjú wá ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Láti ọdún 2025, ẹgbẹ́ tó bá ń kópa nínú ètò pípín lára owó tó ń wọlé fún yunifásítì fún agbábọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ní ju 105 ènìyàn lọ. Àyè tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun bá fún ẹni tó bá a wá, àyè tí ọmọ girama kan ti ń retí ni.

Ìyẹn ló fà á tí ìbéèrè àwọn òbí fi ń yí padà. Ọdún mélòó ló kù lórí àdéhùn akọ́nimọ̀ọ́gbá? Mélòó ni yunifásítì yóò san bí wọ́n bá lé e? Èsì ìbéèrè kejì kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí pé Texas A&M gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 76 dọ́là kí Jimbo Fisher lè lọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tí gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀kan lára àwọn tó dára jù nínú ìtàn ti fọwọ́ síwèé fún un. Àwọn òbí mìíràn ti ń sún ìfọwọ́síwèé ọmọ wọn síwájú títí di oṣù Kejì, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìjókòó akọ́nimọ̀ọ́gbá kan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè tó ṣẹ́ kù nígbà náà kì í pọ̀.