Èwo ni "unfavourably" bù kù?

Òṣogbo ni wọ́n ń pè ní ìlú aró. Ẹni tó bá ti ń ta àdìrẹ níbẹ̀ pẹ́, bó bá ti fọwọ́ pa aṣọ ló ti mọ èyí tí wọ́n rẹ nínú ìkòkò aró yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ká wá ní ó fẹ́ sọ ọ́ fún oníbàárà òkè òkun pé: "Printed adire compares unfavourably with hand-dyed adire." Èwo ni gbólóhùn yìí bù kù? Èyí tó ṣáájú ni. Ohun tó bá wà níwájú compare ni unfavourably ń rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn with ló borí. Bí ó bá ṣèèṣì gbé wọn sípò ara wọn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ba ojúlówó ọjà rẹ̀ jẹ́. Ibi tó yẹ kí olùkọ́ dúró sí pẹ́ nìyí.

Favour, ìyẹn ojúrere, ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Un- ló sọ pé ojúrere ọ̀hún kò sí, -ably ló sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi u sí i: unfavorably.

Yorùbá kì í wá ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan fún un; ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Compare unfavourably with: kò tó o, kò lè bá a dọ́gba. Look unfavourably on: kò fojúrere wò ó. React unfavourably to: kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Kì í ṣe badly o. Ìgbìmọ̀ tó react badly lè ti pariwo, kí wọ́n ti fọwọ́ lu tábìlì. Èyí tó react unfavourably lè jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n kàn má fẹ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ yáwó pé wọ́n "viewed your request unfavourably", kó rọra ka ìlà tó kàn. Ojú tí wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sọ yẹn; ìpinnu lè wà nísàlẹ̀.

Adversely ni affect sábà máa ń bá rìn. Ìpalára ló ń sọ, ì báà má sí ẹni tó ń dájọ́. Bí òjò bá ká àdìrẹ mọ́ orí okùn kó tó gbẹ, "the rain adversely affected the cloth" ni. Òjò kò kórìíra aṣọ. Ó kàn bà á jẹ́ ni.